Bí Àwọn Obìnrin ṣe ń Yan Ibi Ìfètòsọ́mọbíbí

Bí ènìyàn bá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Ẹ̀rìn-Ilé lọ sí Ọ̀fà ní òwúrọ̀, oríṣiríṣi èrò ni yóò rí tí wọ́n ń kọjá. Yóò rí àwọn tí ó ru iṣu àti àwọn tí ó ru ẹ̀gẹ́. Yóò rí àwọn aláṣọ tí wọ́n ń lọ sí ọjà Ọwọ́dé. Yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lọ sí Pólì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀fà ní ọdún 1992. Yóò sì rí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń sáré láàrín gbogbo wọn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá mú, yóò tún rí obìnrin kan tí kò ru ẹrù, tí kò gbé ìwé, tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ó sì fi káàdì kékeré kan pamọ́ sí etí aṣọ. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan wà nítòsí ilé obìnrin yìí. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ti kọjá níwájú rẹ̀, kò yà síbẹ̀. Owó ọkọ̀ ni ó ń san lọ sí ibòmíràn láti gba ohun tí wọn ì bá fún un nítòsí ilé rẹ̀.

Kí ni ó lé e kọjá ibẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ka àkọlé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí a bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, bí 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà nìkan. Ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ di aláìníyàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Oyún tí ó súnmọ́ ara wọn jù, àti oyún tí ó dé nígbà tí ara kò gbà á mọ́, wà lára ohun tí ó ń fa ikú bẹ́ẹ̀.

Ìfètòsọ́mọbíbí ni kí ọkọ àti aya mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ bímọ, kí wọ́n mọ iye ọmọ tí agbára wọn lè tọ́, kí wọ́n sì lo ohun tí yóò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oyún ṣíṣẹ́. Ẹni tí ó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ mú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ Yorùbá bí a ti ń fi àlàfo sí ààrin ọmọ. Ní ayé àwọn baba wa, ìyá ọlọ́mọ a máa fún ọmọ lọ́yàn fún ọdún méjì, a sì máa tó ọdún mẹ́ta nígbà mìíràn. Ní gbogbo àkókò yìí, kì í sùn ní yàrá ọkọ rẹ̀. Yàrá wà lọ́tọ̀. Àwọn ìyálé àti ìyá ọkọ sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ṣòro, obìnrin náà a kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ìyá rẹ̀ títí ọmọ yóò fi rìn dáadáa. Àwọn àgbà gbà pé bí ìyá bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọyàn, wàrà yóò bàjẹ́, ọmọ ọwọ́ yóò sì rù. Bí obìnrin bá ṣèèṣì lóyún lórí ọmọ ọwọ́, ìtìjú ńlá ni fún òun àti ọkọ rẹ̀. Ìdí tí àwọn àgbà sọ lè má jẹ́ ìdí tí oníṣègùn òde òní yóò sọ, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì já sí kò jìnnà sí ara wọn: Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí obìnrin tí ó bímọ dúró fún oṣù 24, ó kéré tán, kí ó tó tún lóyún. Àlùkùránì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà ní Ẹ̀rìn-Ilé àti ní Ọ̀fà, sọ ní orí kejì rẹ̀ pé ọdún méjì gbáko ni kí ìyá fi fún ọmọ lọ́yàn, fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é pé.

Àwọn ohun mìíràn tún wà lẹ́yìn ìtakété: òrùka tí a fi oògùn ṣe, ìgbàdí tí a ń so mọ́ ìdí, àti àgbo. Èmi kò tíì rí ẹni tí ó fi ẹ̀rí hàn mí pé òrùka náà ń ṣiṣẹ́. Mo mọ obìnrin kan tí ó fi tirẹ̀ sí ìka, tí ó sì fi ọwọ́ kan náà gbé ìbejì.

Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀mọ̀wé ará Ọsirélíà kan, John Caldwell, pẹ̀lú Pat aya rẹ̀, wádìí ọ̀rọ̀ yìí kiri láàrín àwọn Yorùbá ní ìlú Ìbàdàn àti ní ibòmíràn. Wọ́n rí i pé àṣà ìtakété kò tíì kú, ṣùgbọ́n pé ó ti ń kúrú ní ìlú ńlá, pàápàá láàrín àwọn tí ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò yani lẹ́nu. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbà ní ìlú ńlá. Kò sí ìyá ọkọ tí yóò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wàrà inú agolo sì ti dé. Obìnrin tí kò ní orogún sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá pa ọkọ òun tì fún ọdún méjì, òun yóò fi ọwọ́ ara òun pe orogún wọlé. Báyìí ni ọgbà àtijọ́ ṣe wó. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ bá sì wó kò lè ṣaláì wá igi tí yóò fi kọ́ òmíràn.

N kò ní pẹ́ lórí ìtàn bí igi tuntun náà ṣe dé. Ní ọdún 1964 ni a dá Ìgbìmọ̀ Ìfètòsọ́mọbíbí ti Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ìgbà náà, ibi tí obìnrin lè lọ kò pọ̀, ìlú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n sì wà. Àwọn aya olóyè ìwé ni ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Láàrín ọdún 1984 sí 1988, a fi rédíò àti tẹlifíṣọ̀n polongo ọ̀rọ̀ náà ní ìlú mẹ́ta, èyíinì ni Ìlọrin, Ìbàdàn àti Enugu. Nígbà tí a sì ka iye àwọn tí ó wá sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn ìpolongo náà, wọ́n ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa. Ní ọdún 1989, Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ kọrin lórí rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú èyí, ní 1988, ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìwé ètò kan jáde lórí iye ènìyàn, tí ó rọ obìnrin kọ̀ọ̀kan pé kí ó má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Inú bí ọ̀pọ̀ obìnrin, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ni ìwé náà wí. Kò wí pé ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tí ó fẹ́ aya mẹ́rin lè bí ọmọ mẹ́rìndínlógún kí ó sì jókòó pẹ̀lẹ́tù, kí ó wí pé òun kò kọjá ohun tí ìjọba sọ.

Nísinsìnyí, ibi tí obìnrin lè yà sí ti pọ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́dé wà ní àdúgbò. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní ìlú ńlá. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni wà tí a ń fi owó gidi wọ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì wà ní Ìlọrin láti ọdún 1980. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Agbẹ̀bí ìbílẹ̀ wà, oníṣègùn wà, àwọn tí ń ta àgbo nínú ike sì wà ní gàréèjì. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò rò pé èyí tí ó súnmọ́ ilé jù, tàbí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, ni obìnrin yóò yàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi wọ ilé wa.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ. Láàrín ọdún mẹ́fà, ó bí ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí ó bí ẹ̀kẹrin, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ títí a fi rò pé ó ti bọ́, dókítà sì wí fún un pé kí ó sinmi ọmọ bíbí. Ọ̀rọ̀ dókítà kò fa àríyànjiyàn kankan. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ sinmi. Nígbà tí ó lókun díẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí ilé ọkọ rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó bá àwọn obìnrin bí mẹ́jọ lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó jókòó sí ìdí tábìlì níwájú gbogbo wọn bi í pé kí ni ó wá ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ ọ́ sí i létí. Nọ́ọ̀sì náà kò rọra dáhùn.

Ó ní, “Ìfètò kẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́? Ẹ lọ mú un wá, tàbí kí ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.”

Gbogbo ojú orí bẹ́ǹṣì yí sí i. Ọ̀kan nínú wọn ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ẹgbẹ́ alásàlátù. Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Nígbà tí ó kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá àgbà náà kò fi ọwọ́ kàn án.

Ó ní, “Ìyàwó, mo gbọ́ pé o fẹ́ ti ilẹ̀kùn ilé wa pa.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Ara mi ni kò le.”

Ìyá ní, “Ara tí kò le ni a ń gbé lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ọmọ ni a kì í tì pa.”

N kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìyá àgbà náà. Ọmọ mẹ́sàn-án ni ó bí, mẹ́ta ni ó yè. Ẹni tí ó ti sin ọmọ mẹ́fà kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àlàfo bí ìwọ àti èmi ti ń gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Yorùbá ń pa á lówe pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pa òwe náà kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ti pàdánù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé ẹ̀gbọ́n mi kò padà síbẹ̀. Ó lóyún karùn-ún kí ọdún tó yí po. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Ọmọ náà kò rí ọjọ́ kejì. Ìyá ni Ọlọ́run bá wa dá sí.

Nígbà tí ara rẹ̀ tún mókun, kò tún wo ilé ìwòsàn àdúgbò. Ìlọrin ni ó lọ, ọ̀nà tí ó lé ní àádọ́ta kìlómítà. Ó wí fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ ra ọjà, òótọ́ sì ni, nítorí ó ra ọjà bọ̀. Mo bi í léèrè nígbà tí ó yá pé kí ni ó rí níbẹ̀ tí kò sí nítòsí. Ìdáhùn rẹ̀ kò kan ẹ̀rọ tàbí ilé gogoro. Ó ní, “Wọ́n ti ilẹ̀kùn.” Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mú un wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó kí i, “Ẹ kú ìrìn, Ìyá,” ó sì jẹ́ kí ó jókòó kí ó tó bi í ní ohunkóhun. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó bi í ní iye ọmọ tí ó bí àti iye tí ó wà láyé. Ó kó gbogbo ohun tí ó wà sórí tábìlì: hóró oògùn tí à ń gbé mì lójoojúmọ́; abẹ́rẹ́ olóṣù méjì àti olóṣù mẹ́ta; ọ̀pá tín-ín-rín tí a ń fi sí abẹ́ awọ apá, tí ó ń lo ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún; èyí tí a ń fi sínú ilé ọmọ, tí ó lè lo ọdún mẹ́wàá; àti rọ́bà tí ọkùnrin ń lò. Ó sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe sí ara. Ó ní bí ẹ bá yan ti apá, nǹkan oṣù yín lè máa ṣe ségesège, ó lè pọ̀, ó lè dá. Ẹ má jáyà, ṣùgbọ́n bí ó bá ni yín lára, ẹ padà wá, a ó yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń tún sọ jù. Ó ní kò sí ẹni tí ó tíì sọ fún òun rí pé ohun tí a fi sí òun lára ṣeé yọ bí òun bá fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn yìí sílẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1990, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Judith Bruce, kọ ìwé kan tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kò gbàgbé títí di òní. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibi ìfètòsọ́mọbíbí kan dára, kí ó wo bóyá oríṣiríṣi ohun wà níbẹ̀ tí obìnrin lè yàn nínú rẹ̀, bóyá a ń ṣàlàyé fún un, bóyá àwọn òṣìṣẹ́ mọ iṣẹ́, bí wọ́n ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bóyá ọ̀nà wà láti padà wá, àti bóyá ètò ibẹ̀ bá ìgbésí ayé obìnrin náà mu. Ẹ̀gbọ́n mi kò ka ìwé náà, kò sì gbọ́ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ó sọ fún mi, n kò rí ọ̀kan tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀ràn ìwé ọkọ tí nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ bèèrè kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kan náà nìkan. Láti ọdún 2009, ètò ńlá kan tí à ń pè ní NURHI bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà, Ìbàdàn àti Ìlọrin sì wà lára wọn; àjọ Bill àti Melinda Gates ni ó ń náwó rẹ̀. Nígbà tí a bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera léèrè ní àwọn ìlú náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́wọ́ pé àwọn kì í fún obìnrin ní ohun kan bí kò bá tíì lọ́kọ, tàbí bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá kéré, tàbí bí ọmọ tí ó bí kò bá tíì pọ̀ tó, tàbí bí ọkọ kò bá fọwọ́ sí i. Ní èrò tèmi, ó dára kí ọkọ mọ̀, ó sì dára kí ọkọ àti aya jọ lọ. Èmi àti aya mi jọ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára láàrín tọkọtaya, kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni yóò fi ipá mú wọn ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ènìyàn mẹ́jọ. Ọkọ tí kò ní í gbà wà, àwọn aya irú ọkọ bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ohun kan tí ètò náà ṣe wù mí púpọ̀. Wọ́n a wọ ilé ìwòsàn kan, wọn a sì tún un ṣe láàrín wákàtí 72: wọn a kun ilé, wọn a tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, wọn a kó àga àti irinṣẹ́ wá, wọn a sì ṣe ibi tí obìnrin lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí pé ẹlòmíràn gbọ́. Ẹ rí i pé aṣọ ìkélé kan lè gba ẹ̀mí là. Wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà sórí rédíò ní èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ, wọ́n sì rán àwọn ọ̀dọ́ wọ inú àdúgbò lọ láti bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ ní ìdí iṣẹ́ wọn.

Nípa ti owó, ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2011 pé ọ̀fẹ́ ni àwọn ohun ìfètòsọ́mọbíbí yóò jẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìkéde náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pá apá ni ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìbọ̀wọ́, òwú àti abẹ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́ lè má jẹ́ ọ̀fẹ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí obìnrin fẹ́ lè ti tán, kí a sì ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ méjì mọ ohun tí ó san. Nítorí èyí ni ó fi wù mí bí àwọn ará Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ti Ìbàdàn, UCH, ṣe ronú ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ọjà Ìbàdàn. Wọ́n kọ́ àwọn ọlọ́jà, wọ́n sì fi hóró oògùn àti rọ́bà sí wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa tà á pẹ̀lú oògùn díẹ̀ fún àìsàn wẹ́wẹ́. Obìnrin tí ó wá ra ata kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti wá àwáwí fún ẹnikẹ́ni. Ọjà ni ó wá, ọjà ni ó sì rà.

Ìwà kan náà ni ó ń mú kí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ń sá lọ. Kẹ́míìsì ń ṣí di alẹ́. Kò sí bẹ́ǹṣì, kò sí káàdì, kò sí ẹni tí yóò kọ orúkọ sílẹ̀. A na owó sí i, ó na oògùn padà. Àwọn tí kò tíì lọ́kọ, àti àwọn ọkùnrin tí ojú ń tì, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó wà nídìí káńtà kì í sábà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ ni àwọn hóró oògùn kan kò yẹ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Kò sì lè fi ohunkóhun sí apá tàbí sí ilé ọmọ. Nítorí náà, ẹni tí ó yan kẹ́míìsì nítorí àṣírí ti yan hóró oògùn tàbí rọ́bà láìmọ̀, ìbáà ṣe pé ohun mìíràn ni ì bá bá ara rẹ̀ mu jù. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù nìyí: obìnrin rò pé ibi tí òun ó lọ nìkan ni òun ń yàn.

Ìgbàgbọ́ náà kó ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1968, Póòpù Paul Kẹfà kọ ìwé pé ìjọ Àgùdà kò fọwọ́ sí àwọn oògùn àti ohun èlò wọ̀nyí, àfi kí tọkọtaya ka ọjọ́, kí wọ́n sì ta kété ní ìgbà tí oyún lè dúró. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ sí ilé ìwòsàn Àgùdà kò ní bá wọn níbẹ̀. Láàrín àwọn Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ àwọn alùfáà gbà kí a fi àlàfo sí ààrin ọmọ, àwọn mìíràn sì ń kọminú. Obìnrin tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu lémọ́ọ̀mù rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yóò rìn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sán gangan.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹnu tí ń sọ̀rọ̀, kò sí èyí tí ó lágbára tó ẹnu obìnrin tí ó ti lọ tí ó sì ti bọ̀. Èyí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní ìlú Taichung ní orílẹ̀-èdè Taiwan, ní ọdún 1963, àwọn olùwádìí pín ìlú náà sí àwọn àdúgbò kéékèèké. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ wọ ilé dé ilé ní àwọn kan, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu ni pé àwọn obìnrin ń wá láti àwọn àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò dé, àní láti ẹ̀yìn odi ìlú. Ta ni ó pè wọ́n? Aládùúgbò wọn ni, àti ìbátan, àti ọ̀rẹ́. Ẹnu kan náà ń lé ènìyàn sá pẹ̀lú. Bí obìnrin kan bá sọ pé ọ̀pá apá rin lọ sí àyà òun, ogún kò ní lọ, bí dókítà tilẹ̀ bú rasàn.

Bí a bá wo orílẹ̀-èdè lápapọ̀, ìyípadà ń dé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 fi hàn pé 12 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ó lọ́kọ ni ó ń lo ọ̀nà òde òní. Èyí tí a ṣe ní 2023 sí 2024 rí 15. Láàrín ìgbà méjèèjì, iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí, bí a bá pín in dọ́gba, sọ̀kalẹ̀ láti 5.3 sí 4.8. Ìwọ̀nyí jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà. Ìlú yàtọ̀ sí oko, apá ibí yàtọ̀ sí apá ọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n mi ti mú obìnrin mẹ́ta lọ sí Ìlọrin láti ìgbà náà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ bíbí inú ìyá àgbà tí ó ní kí a má ti ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn bá ọmọ rẹ̀ mú ọmọ ọwọ́ dání ní ọjọ́ tí ó lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ báyìí. Ó ní òun ti ń fura láti ọjọ́ tí aya òun ti lọ ra ọjà ní Ìlọrin tí ó sì ra ohun tí ó wà ní Ọwọ́dé bọ̀.

Obìnrin tí a rí lójú ọ̀nà ní òwúrọ̀ yóò padà ní ọ̀sán. Ọmọ ti sùn sí ẹ̀yìn rẹ̀, àmì tuntun sì ti wà lórí káàdì rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé iwájú ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó wà nítòsí ilé rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ó jókòó sí ìloro, tí ó ń fẹ́ra nítorí kò sí ẹni tí yóò tọ́jú, yóò kí i pé, “Ẹ kú ọjà o.” Òun náà yóò dáhùn pé, “A dúpẹ́ o. Ọjà tà,” yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.